Abẹ́rẹ́ àti Kónílé-ó-gbélé

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lọ sí ibì kankan, níbo ni ó ti bọ̀ tí ó fi fẹ́ sinmi? Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa bi ara wa ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà sé wa mọ́lé.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ kò ní ṣàì rántí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún náà ni òfin bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn láti agogo méje alẹ́ títí di agogo mẹ́fà òwúrọ̀. Wọ́n ti ọjà pa, àfi èyí tí a ti ń ta oúnjẹ. Ọkọ̀ èrò kò gbọdọ̀ ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Ní ọjọ́ kejì, Gómìnà Ṣèyí Mákindé fúnra rẹ̀ kéde pé àyẹ̀wò ti fi hàn pé àrùn náà wà lára òun. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ni ó tó wí pé ara òun ti dá. Nígbà náà ni àwọn tí ń pe ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn àwọn ará Èkó wá mọ̀ pé iná ti dé orí òrùlé tiwa náà.

Ní àwọn ìletò Akínyẹlé, àgbẹ̀ ń lọ sí oko rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, nítorí koríko kò mọ òfin. Àwa tíṣà, àwọn awakọ̀ àti àwọn tí kì í ta oúnjẹ ni ọwọ́ wa dilẹ̀.

Tọkọtaya kan wà ní àdúgbò wa. Ìyàwó ń ta àǹkárá, ọkọ ń wa ọkọ̀ èrò lọ sí Èkó. Ìjókòó ojú kan sọ wọ́n di oníjà: bí iyọ̀ bá pọ̀ lọ́bẹ̀, ìjà ni, bí ọmọ bá ké, ìjà ni. Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn máa lo ìbomú, ìyàwó gbé maṣíìnì ìránṣọ tí ó ti bo eruku jáde, ó kó àjákù àǹkárá jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìbomú. Ọkọ ń gé aṣọ, ọmọkùnrin wọn ń fi rọ́bà sí i létí, ìyá ń rán. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ariwo rọlẹ̀ nínú ilé náà.

Ìjà tí ó wá kù ni ìjà owó. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí.

Ọkọ ní, “Tíṣà, èmi ni olórí ilé, èmi ni mo sì ń gé aṣọ. Ṣé ó yẹ kí gbogbo owó wà lọ́wọ́ ìyàwó?”

Ìyàwó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n pé owó ta ni a fi ra aṣọ àti òwú?”

Mo ní kí wọ́n mú ìwé kan wá. A kọ owó aṣọ, òwú àti rọ́bà sí apá kan, a kọ owó tí ó wọlé sí apá kejì. Mo ní kí ìyàwó kọ́kọ́ yọ owó ọjà rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n san owó iṣẹ́ fún ẹni tí ó gé àti ẹni tí ó rán. Èyí tí ó kù ni èrè, ti ẹni tí ó dá òwò sílẹ̀ sì ni, ṣùgbọ́n kí a yọ owó oúnjẹ nínú rẹ̀ títí ọkọ yóò fi padà sí ìdí ọkọ̀ rẹ̀.

Ọkọ rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyàwó mi ti di ọ̀gá mi nìyẹn.” Mo dá a lóhùn pé ọ̀gá tí ó ń sanwó, tí ó tún ń sebẹ̀ fúnni, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Bàbá àgbà kan sì bínú pé ọmọkùnrin ń fa òwú bọ abẹ́rẹ́. Mo rọra bi í pé, “Bàbá, ta ni ó ṣe iṣẹ́ ọnà sí ọrùn agbádá yín?” Ọkùnrin ni. Bí ẹ bá dé Ìsẹ́yìn, ọkùnrin ni ẹ ó bá púpọ̀ nídìí òfì. Àwọn ìyá wa náà ni adìrẹ alábẹ́rẹ́: wọn a fi abẹ́rẹ́ rán aṣọ ní ìṣẹ́po, wọn a fa òwú náà le, wọn a rì í sínú aró ẹ̀lú. Bí ó bá gbẹ tán tí wọ́n tú òwú, ibi tí òwú dì mú a funfun. Abẹ́rẹ́ kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

Iṣẹ́ náà sì ní ìmọ̀ nínú. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani níyànjú pé kí ìbomú aṣọ jẹ́ ìpele mẹ́ta: èyí tí ó kan ẹnu kí ó jẹ́ òwú tí ń fa omi, èyí tí ó wà níta kí ó jẹ́ irú aṣọ tí omi kì í tètè wọ̀. Àǹkárá ẹyọ kan ṣoṣo kò tó.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni àjọ náà kéde pé àrùn náà kì í ṣe pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́. Ọjà ti ṣí, ọkọ̀ ń lọ sí Èkó. Ṣùgbọ́n maṣíìnì mélòó ni ó ti padà sábẹ́ eruku?

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, mọ bí a ti ń rán bọ́tìnnì àti etí aṣọ tí ó tú. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má ṣe da àjákù aṣọ nù, ẹ sì máa kọ iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde. Ẹ̀yin ọkọ, bí ìyàwó bá rí ọ̀nà oúnjẹ, ẹ bá a gé aṣọ.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a tún rí irú ọdún náà. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ó rí, ẹ kán òróró sí maṣíìnì náà lónìí.