Kí A Tó Gbé Mọ́tò Sókè, Ẹ Jẹ́ Kí A Kọ́kọ́ Wo Ilẹ̀



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kò jẹ mọ́ owó oṣù. Ó jẹ mọ́ owó ìfẹ̀yìntì, ó sì jẹ mọ́ ẹ̀mí ènìyàn. Ní Ìbẹ̀fun níhìn-ín àti ní àwọn ìlú tí ó yí wa ká, títí dé Òdogbolú àti Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, àti àwọn tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n fi í sílẹ̀, ń gbèrò láti sọ gáréèjì inú ọgbà ilé wọn di ibi tí wọn yóò ti máa tún mọ́tò ṣe. Èrò náà dára. Ọ̀nà tí ó ti Ìkòròdú gba Ìtóìkín wá sí Ìjẹ̀bú-Òde kò jìnnà sí wa, ọkọ̀ kò sì ní yé bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó ti lo ọgbọ̀n ọdún nídìí ẹ́ńjìnnì kò yẹ ní ẹni tí yóò jókòó sílé tí yóò máa ka igi àjà. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni pé ohun àkọ́kọ́ tí púpọ̀ nínú wọn fẹ́ rà ni ẹ̀rọ agbémọ́tò, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní líìfù. Wọ́n á bèèrè iye rẹ̀, wọ́n á bèèrè ibi tí wọ́n ti ń tà á, ṣùgbọ́n wọn kì í bèèrè nípa ilẹ̀ tí wọn yóò gbé e lé.

Lójú tiwa, ilẹ̀ ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

A kò sọ èyí láti bẹnu àtẹ́ lu ẹ̀rọ náà. Gbogbo wa ni a mọ bí a ti ń wọ abẹ́ mọ́tò. Jáàkì ni a ó fi gbé e, a ó ti bulọ́ọ̀kù tàbí rímù àlòkù sí i lábẹ́, a ó tẹ́ páálí sílẹ̀, a ó sì na ẹ̀yìn sí i. Bẹ́ẹ̀, bulọ́ọ̀kù kò jọ irin. Irin a máa tẹ̀ kí ó tó kán, ṣùgbọ́n bulọ́ọ̀kù kì í ki ènìyàn nílọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni yóò fọ́. Jáàkì pẹ̀lú, bí rọ́bà inú rẹ̀ bá ti gbó, ọ́ìlì rẹ̀ yóò máa jò, mọ́tò yóò sì máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí òjò bá sì ti rọ̀ sí ilẹ̀ pupa tiwa yìí, ẹsẹ̀ jáàkì yóò máa rì nígbà tí ẹni tí ó wà lábẹ́ ń tú gíábọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

Àwọn mìíràn gbẹ́ kòtò. Kòtò sàn ju jáàkì lásán lọ, nítorí pé mọ́tò dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, inú kòtò ni ó sì máa ń lọ sùn sí. Gílóòbù tí ó fọ́ tàbí sìgá kan ti tó láti dáná sun ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, kò sì sí ibi tí yóò sá gbà. Ní ìgbà òjò, omi a kún un. Ní òru, ọmọdé lè já sí i.

Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ẹni tí ó ronú kan ẹ̀rọ agbémọ́tò ronú ire. Ẹ̀rọ náà kì í ṣe ohun àná. Peter Lunati, ará ìlú Memphis ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó gbé e jáde ní nǹkan bí ọdún 1925. Àga onígbàjámọ̀, èyí tí ó ń gòkè tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, ni ó wò tí ó fi rí ọgbọ́n náà dá. Láti ìgbà náà ni mẹkáníìkì ti lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ṣiṣẹ́, dípò kí ó máa dùbúlẹ̀ bí ẹni tí ara rẹ̀ kò dá.

Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni olópòó méjì. Ó ní apá mẹ́rin tí a ó kì bọ abẹ́ mọ́tò, ní ibi mẹ́rin tí àwọn tí ó ṣe mọ́tò náà sọ pé kí a ti gbé e. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò wà lófuurufú, a ó sì lè tú bíréèkì, ṣọ́ọ̀kì àti gíábọ́ọ̀sì. Òun ni mẹkáníìkì fẹ́ràn jù. Òun náà ni ó ń fìyà jẹ ilẹ̀ jù, nítorí bóòtù tí a kàn mọ́ kọnkéré ni kò jẹ́ kí òpó rẹ̀ ṣubú. Èkejì ni olópòó mẹ́rin. A ó wa mọ́tò gun orí irin gbọọrọ méjì, yóò sì fi táyà rẹ̀ dúró. Ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì dára fún pípààrọ̀ ọ́ìlì àti títún sàlẹ́ńsà ṣe, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ yọ táyà, a ó tún wá jáàkì sí i lórí. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó ń ṣí bí àlùmọ́gàjí. Púpọ̀ nínú wọn kì í ga, wọ́n sì dára fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ táyà, bíréèkì àti bọ́dì.

Wàyí o, kí ni kí a wò ní ilẹ̀? Ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá ni ọ̀gá. Ohun tí ó bá wí ni kí a ṣe. Ìwé olópòó méjì a sábà máa béèrè kọnkéré tí ó nípọn tó ínǹsì 4 ó kéré tán, tí ó le dáadáa, tí kò sì sán. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo gáréèjì ilé wa. Sìmẹ́ńtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni bíríkìlà fi bo yanrìn nínú ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn kan fi táìlì lé e lórí kí ó lè dùn ún wò, àwọn ẹlòmíràn sì to intalọ́ọ̀kì sí gbogbo ọgbà. Bóòtù tí a kàn mọ́ táìlì tàbí intalọ́ọ̀kì kò di ohunkóhun mú.

Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá rí báyìí, kí ó fọ́ ibẹ̀, kí ó gbẹ́ ẹ wọlẹ̀, kí ó gún ilẹ̀ náà le, kí ó to irin sí i, kí ó sì da kọnkéré tuntun. Kí ó máa bu omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, kí ó sì ní sùúrù títí di ọjọ́ 28 kí ó tó lu ihò bóòtù, kí kọnkéré lè gba agbára. Ihò náà kò gbọdọ̀ sún mọ́ etí kọnkéré tàbí ibi tí ó ti sán. Kí a wá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà, tí ó ní sípánà tí ń wọn agbára tí a fi di bóòtù, kí ó sì padà wá yẹ bóòtù wò lẹ́yìn tí a bá ti lo ẹ̀rọ fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn ilẹ̀, ẹ wo òkè. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Mọ́tò kékeré bí Corolla ga tó bí ẹsẹ̀ bàtà 5. Ọkùnrin tí yóò dúró lábẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6. Ẹsẹ̀ bàtà 11 nìyẹn. Bọ́ọ̀sì Hiace ga tó bí ẹsẹ̀ bàtà 6 ààbọ̀. Tirẹ̀ di ẹsẹ̀ bàtà 12 ààbọ̀. Gáréèjì tí dẹ́kìn wà lórí rẹ̀, tí gíga rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ, kò lè gba èyíkéyìí nínú méjèèjì dé ibi tí ó yẹ. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rà kí ó tó wọ̀n, orí irin tí kò wúlò ni yóò ti máa sá aṣọ.

Ẹ wo ìwọ̀n pẹ̀lú. A máa ń kọ iye tí ẹ̀rọ lè gbé sára irin pẹlẹbẹ kan lórí òpó rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 9,000 pọ́n, ó jẹ́ bíi kílò 4,080, apá kọ̀ọ̀kan sì ni ìdámẹ́rin rẹ̀. Ẹ kó ẹrù kúrò nínú bọ́ọ̀sì kí ẹ tó gbé e. Ẹ sì rántí pé bí a bá yọ ẹ́ńjìnnì kúrò níwájú mọ́tò tí ó wà lókè, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò wúwo jù, ó sì lè dojú dé. Kí a fi òpó irin gíga ti ẹ̀yìn náà kí a tó yọ ohunkóhun.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká tuntun yóò wá tòkunbọ̀. A kò bá a jà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ha ìwọ̀n kúrò lára irin pẹlẹbẹ, bí okùn irin rẹ̀ bá ti ń tú ní fọ́nrán-fọ́nrán, bí wọ́n bá ti jó apá rẹ̀ pọ̀, kí ó fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń tà á. Ọ̀dà tuntun kì í ṣe agbára tuntun.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé láé. Ọ́ìlì ni ó ń gbé mọ́tò lọ sókè, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ́ìlì ni ó yẹ kí ó dá a dúró síbẹ̀. Ìdènà irin wà nínú òpó, tí ó ń há bí eyín. Ẹ máa ń gbọ́ ìró rẹ̀ bí ẹ̀rọ ti ń gòkè. Nígbà tí mọ́tò bá dé ibi tí a fẹ́, kí a sọ ọ́ díẹ̀ kí ó jókòó lórí ìdènà náà ní gbogbo òpó, kí ẹnikẹ́ni tó bọ́ sábẹ́. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ti wọlé. Láti sọ mọ́tò kalẹ̀, ẹ̀rọ ní láti kọ́kọ́ gbé e sókè díẹ̀ kí ìdènà lè tú. Bí wọ́n bá mú iná lọ, mọ́tò oníbàárà yóò wà lókè títí iná yóò fi dé, àfi bí a bá ní jẹnẹrétọ̀ tí agbára rẹ̀ ká ẹ̀rọ náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irin já ìdènà nítorí pé oníbàárà ń kánjú.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ojú abẹ níkòó. Ta ni ó ń wọ abẹ́ mọ́tò? Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ẹni tí ó ra ẹ̀rọ. Ọmọ iṣẹ́ ni, ọmọ tí ìyá rẹ̀ fà lé ọ̀gá lọ́wọ́ pé kí ó kọ́ ọ níṣẹ́ kí ó sì dá a padà ní ẹni tí ó pé. Owó ni ó wà lára olówó. Ẹ̀mí ni ó wà lára ọmọ yìí. Òfin Ilé-Iṣẹ́ Ẹ̀rọ ti ọdún 1987 ní kí ẹni tí ìjọba fọwọ́ sí máa yẹ ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn tàbí ẹrù sókè wò kínníkínní, ó kéré tán ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tí ó fara pa ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún àjọ NSITF, ó sì ka ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́.

Ẹnìkan lè wí pé gáréèjì ilé òun kì í ṣe ilé-iṣẹ́. Èsì wa ni pé irin kò mọ̀ bóyá inú ilé ni òun wà tàbí inú ilé-iṣẹ́. Àwa tí a ti ń bá àwọn ọ̀gá jà láti ọjọ́ yìí pé kí wọ́n dáàbò bo òṣìṣẹ́, ìtìjú ni yóò jẹ́ bí àwa náà bá di ọ̀gá tán tí a fi ọmọ ọlọ́mọ sábẹ́ ohun tí àwa fúnra wa kì bá ti wọ abẹ́ rẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa nìyí. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó láti ṣe ilẹ̀ àti ẹ̀rọ pọ̀, kí ó má tíì ra ẹ̀rọ. Kí ó ra ẹsẹ̀ irin mẹ́rin tí ó dára, tí a ń tì sábẹ́ mọ́tò lẹ́yìn tí jáàkì bá ti gbé e, kí ó sì da kọnkéré sí ibi tí wọn yóò dúró lé. Wọn kò fẹ́ iná, owó wọn kò sì tó ti líìfù rárá. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ líìfù dandan, kí ó wá ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún mọ́ra. Ìjẹ̀bú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ àjọ dídá, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò sì ṣàjèjì sí wa. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí ó dára, lórí kọnkéré tí ó le, lábẹ́ òrùlé tí ó ga, tí ènìyàn márùn-ún ń lò, ó sàn ju ẹ̀rọ gbàrọgùdù márùn-ún nínú gáréèjì márùn-ún lọ. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Láti ìsinsìnyí lọ, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wa fi èyí ṣe òfin nínú ọgbà rẹ̀: kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ mọ́tò tí jáàkì nìkan gbé dúró, ọmọ iṣẹ́ tí ó bá sì kọ̀ láti wọ ibẹ̀, kí a má ṣe nà án, kí a má ṣe bú u. Ọmọ tí ó gbọ́n ni. Owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀ẹ̀kan ni à ń gbà á. Ẹ kọ́kọ́ ná an sí ilẹ̀ kí ẹ tó ná an sí irin.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́.