Sports Car Kejì Àbí Honda Jazz? Orúnkún Màámi Ló Bá Mi Dá A

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ má sá lọ, físíìsì ló wà nínú rẹ̀.

Manchester ni mò ń gbé. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ní Mazda MX-5 kan tí wọ́n ṣe ní 2007. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, sports car kékeré ni, ìjókòó méjì péré ló ní, òrùlé rẹ̀ sì ṣeé ká sẹ́yìn. Chicago ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ han aráyé ní 1989, nígbà tó sì di 2016, Mazda ti ṣe mílíọ̀nù kan nínú rẹ̀. Kì í ṣe mọ́tò olówó gọbọi. Ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ti yọ lọ́jọ́ Sátidé, tí mo ṣí òrùlé yẹn, tí mo dorí kọ Snake Pass, ọ̀nà oníkọ́nà tó gba orí òkè kọjá lọ sí Sheffield, ẹ ò lè rí ìbànújẹ́ lójú mi.

Lọ́dún tó kọjá, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ òmíràn: Toyota GT86. Mo ti kó owó jọ. Lásìkò yẹn kan náà, ìyàwó mi lóyún, Màámi sì ní òun ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta wá wẹ ọmọ fún wa. Èmi wá rò ó nínú ara mi pé GT86 ṣáà ní ìjókòó lẹ́yìn, nítorí náà mọ́tò ìdílé ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Kí n tètè sọ èrò mi: ẹni tó bá ti ní sports car kan tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó má ra ìkejì. Kó ra ohun tó lè ṣe èyí tí àkọ́kọ́ ò lè ṣe. Mi ò sọ pé ìgbádùn burú o. Ìṣirò ló gbé mi débẹ̀, ìṣirò àti orúnkún Màámi.

Kí gan-an ni mo fẹ́ fi owó rà?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ́ńjìnnì. MX-5 tèmi ní agbára ẹṣin 160, ó sì wọn bíi kìló 1,100. GT86 ní agbára ẹṣin 200, òun wọn bíi 1,240. Ẹni tó bá wo 160 àti 200 á ní ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kì í dá sáré, ìwúwo mọ́tò ló ń tì. Ẹ wá pín agbára náà fún ìwúwo: tèmi ní agbára ẹṣin 145 fún tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, GT86 ní 161. Ìyàtọ̀ 40 ti di 16. Tí ẹnì kan tó wọn ọgọ́rùn-ún kìló bá wá jókòó tì mí nínú GT86, ó ti di 149. Ìyẹn ni pé tí mo bá gbé ọ̀rẹ́ mi kan tó sanra díẹ̀, gbogbo owó tí mo ná ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Ó dáa, ẹnì kan á ní kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló ń dùn mọ́ òun, kọ́nà ni. Èmi náà nìyẹn. Ẹ wá gbọ́ èyí, nítorí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ìṣirò rẹ̀. Nígbà tí mọ́tò bá ń yí kọ́nà, táyà tó di ọ̀nà mú ni kò jẹ́ kó fò sínú igbó. Mọ́tò tó wúwo nílò ìdìmú tó pọ̀ kó tó lè yí. Ṣùgbọ́n ìwúwo yẹn kan náà ló ń tẹ táyà mọ́lẹ̀ kó lè di ọ̀nà mú. Ohun tó fi ọwọ́ ọ̀tún gbà, ọwọ́ òsì ló fi dá a padà. Tí ẹ bá kọ ìṣirò náà sílẹ̀, ìwúwo á já kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. Ohun mẹ́ta ló kù: bí táyà àti ọ̀nà ṣe ń dira wọn mú, bí kọ́nà ṣe fẹ̀ tó, àti òòfà ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú kọ́nà kan tó jẹ́ apá kan òbìrí, tí mítà 50 wà láàárín ọ̀nà àti àárín gbùngbùn òbìrí náà. Tí ilẹ̀ bá gbẹ, tí ìdìmú táyà jẹ́ 0.9, eré tó pọ̀ jù tí mọ́tò lè fi gbà á ni mítà 21 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bíi kìlómítà 76 ní wákàtí kan. Tí òjò bá rọ̀, tí ìdìmú já sí 0.5, ó di bíi kìlómítà 56. MX-5 ni o, GT86 ni o, iye kan náà ni. Lóòótọ́, síríìngì àti irú táyà máa ń yí i díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo táyà wọn: ti MX-5 tèmi fẹ̀ ní mìlímítà 205, ti GT86 fẹ̀ ní 215. Mìlímítà mẹ́wàá! Tí òjò bá sì rọ̀ ní Manchester, tó jẹ́ pé kì í pẹ́ rọ̀, òjò ló máa pinnu eré mi, kì í ṣe orúkọ tó wà níwájú mọ́tò.

Gbogbo èyí, lórílẹ̀-èdè tí òfin ò ti gbà kéèyàn sáré ju máìlì 70 ní wákàtí kan lọ, ìyẹn bíi kìlómítà 112, àní lójú títì márosẹ̀. Mọ́tò tí mo ní tẹ́lẹ̀ ti ju ọ̀nà tí wọ́n fún mi lọ. Àwọn Mazda ní ọ̀rọ̀ Japan kan tí wọ́n fi ń júwe MX-5, jinba ittai, ìyẹn ni pé ẹṣin àti ẹni tó gùn ún di ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ta ló máa gun ẹṣin méjì lẹ́ẹ̀kan náà?

Ohun tí kì í rìn, bíbàjẹ́ ló ń bàjẹ́

Ìyàwó mi ò bá mi jà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Ọjọ́ wo lẹ máa wa èyí, ọjọ́ wo lẹ máa wa ìyẹn?"

Mo ní kò burú, mo mú ìwé. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mo ń kọ gbogbo ìgbà tí mo bá wa MX-5 sílẹ̀. Wákàtí 672 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo wakọ̀ fún wákàtí 19. Nínú 19 yẹn, ibi iṣẹ́ àti ọjà ni mo lọ nínú 15. Mẹ́rin péré ni mo fi gbádùn ara mi. Tí mo bá ra GT86, wákàtí mẹ́rin yẹn ò ní di mẹ́jọ. Màá kàn pín in sí méjì ni, kí ọ̀kan máa dúró níta kí ìkejì máa sáré.

Mọ́tò tó dúró kì í sì í sinmi. Bátìrì olójé máa ń sọ agbára nù fúnra rẹ̀. Tó bá wá pẹ́ láìkún, nǹkan funfun kan á le mọ́ àwo òjé inú rẹ̀, kò sì ní gba iná dáadáa mọ́. Àwo bírékì á dípẹtà. Epo bírékì ń fa omi mu láti inú afẹ́fẹ́, omi yẹn sì ń mú kó tètè hó nígbà tí bírékì bá gbóná, ẹsẹ̀ yín á kàn rì wọlẹ̀ lásán. Afẹ́fẹ́ ń jẹ rọ́bà táyà, ó ń le, ó ń sán, bí ara rẹ̀ tiẹ̀ ń dán. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra táyà tokunbo nílé, ẹ gbọ́ èyí: ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní òpin kóòdù DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó.

Lórí gbogbo ìyẹn, mọ́tò kọ̀ọ̀kan ní inṣọ́ránsì tirẹ̀, owó orí ọ̀nà tirẹ̀, àti àyẹ̀wò MOT ọdọọdún tirẹ̀. Ẹni tó lé eku méjì, yóò pòfo.

Orúnkún Màámi

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí jù. Ìgbà tí Màámi kọ́kọ́ wá kí wa ní ọdún méjì sẹ́yìn, MX-5 yìí ni mo gbé lọ gbé e ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹrù rẹ̀ ò wọ búùtù, mo bá fi gàrí àti ẹ̀lùbọ́ sínú tákísí, mo fi ìyá mi sínú sports car. Mo ń yangàn. Ó wò ó, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé mọ́tò lèyí àbí kòtò?"

A délé, kò lè jáde. Orúnkún rẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tipẹ́. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kíní, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Èmi àti aládùúgbò wa la fà á dìde. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí omi lójú rẹ̀.

Kí ló dé? Ẹ ronú nípa sípánà tó gùn. Bí ọwọ́ yín bá ṣe jìnnà sí nọ́ọ̀tì tó ni agbára yín lórí rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Orúnkún ni nọ́ọ̀tì yẹn nígbà téèyàn bá fẹ́ dìde, ìwúwo ara ni ọwọ́ tó wà lórí sípánà. Lórí àga gíga, ẹ lè fa ẹsẹ̀ sábẹ́ ara, kí ìwúwo sún mọ́ orúnkún. Ṣùgbọ́n nínú sports car, ìdí wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ nà gbọọrọ síwájú. Ìwúwo jìnnà sí orúnkún, iṣan itan ló sì máa ru gbogbo rẹ̀. Ọ̀dọ́ ò ní mọ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn mọ̀ dáadáa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yé mi nìyí. Kí ló dé tí sports car fi lọ sílẹ̀? Kí ìwúwo rẹ̀ lè sún mọ́ ilẹ̀, kó má baà máa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní kọ́nà. Ohun tó mú kọ́nà dùn fún mi náà ló dá omi sójú Màámi. Ẹ́ńjìnnì GT86 tiẹ̀ dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ ni, nítorí kí ìwúwo lè lọ sílẹ̀ sí i. Bí sports car bá ṣe ń dára tó nínú iṣẹ́ tirẹ̀ ló ṣe ń burú tó fún ìyá mi. Kò sí ìkejì tó máa wo àìsàn yẹn, nítorí kì í ṣe àìsàn, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tún wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ò gbà kí wọ́n gbé àga ọmọ jòjòló tó kọjú sẹ́yìn sí iwájú airbag tó ń ṣiṣẹ́. Mo gbé àga ọmọ lọ dán wò lẹ́yìn GT86 kan. Kó tó wọlé, mo ní láti sún àga iwájú débi pé àyà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan sítíá.

Mo bá ra Honda Jazz. Àwọn ọ̀rẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní mọ́tò bàbá àgbà ni. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú mọ́tò bàbá àgbà yìí. Abẹ́ àga iwájú ni Honda gbé tánkì epo sí, dípò abẹ́ àga ẹ̀yìn. Nítorí náà, ilẹ̀ ẹ̀yìn lọ sílẹ̀, ìjókòó ẹ̀yìn sì ṣeé ká sókè bíi ti sinimá, kéèyàn gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ dúró síbẹ̀. Ẹni tó ronú ìyẹn ò kéré sí ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì sports car.

Ṣé mo wá ń sọ pé kò sẹ́ni tó yẹ kó ní méjì? Rárá o. Ẹni tó ní gáréèjì, tó ní àyè, tó jẹ́ pé títún mọ́tò ṣe gan-an ni eré tirẹ̀, èmi ò bá a jà. MX-5 mi ṣì wà níbẹ̀, mi ò tà á, Sátidé sì ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó jẹ́ pé fóònù kejì, láàpútọ́ọ̀pù kejì tàbí jẹnẹrétọ̀ kejì lẹ fẹ́ rà, ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí àkọ́kọ́ ò lè ṣe sílẹ̀. Tí ìwé yẹn bá ṣófo, ẹ tọ́jú owó yín.

Màámi dé lóṣù tó kọjá. Ó ṣí ilẹ̀kùn Jazz, ó jókòó. Ó tún dìde. Ó tún jókòó, bí ẹni tó ń dán àga tuntun wò lọ́jà. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́tò rárá. Ó kàn na ọwọ́, ó ní, "Gbé ọmọ mi fún mi, ká máa lọ."