Ta Ni Obìnrin Inú Fọ́tò Yẹn?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi àti màmá mi jọ ń to àwọn fọ́tò àtijọ́ inú àpótí ìyá wọn. Ọ̀kan gbà mí lọ́kàn: obìnrin mẹ́fà dúró níwájú ẹ̀rọ ìhunṣọ, aṣọ iṣẹ́ kan náà lọ́rùn wọn. Màmá tọ́ka sí ìyá wọn. Mo béèrè àwọn márùn-ún yòókù. Wọ́n ní, "Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ni." Mo yí ẹ̀yìn fọ́tò náà wò, òfìfo ni.

Ìyẹn ló rán mi létí Naomi Parker, ará Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1942, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọmọ ogún ọdún ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ọkọ̀ òfurufú àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Alameda, ìpínlẹ̀ California. Ayafọ́tò kan bá a níbi tó ti tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin, tó fi ṣíkáàfù alámì róbótóróbótó di irun rẹ̀. Ìwé ìròyìn gbé fọ́tò náà jáde. Naomi gé e, ó fi pamọ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Ẹ̀dà tó ń káàkiri kò ní orúkọ lára. Ní àwọn ọdún 1980, Geraldine Hoff Doyle, tí òun náà ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ nígbà ogun, rí i, ó sì gbà tọkàntọkàn pé òun ni. Orúkọ rẹ̀ ni ayé fi ń pe fọ́tò náà.

Ní ọdún 2011, Naomi lọ sí àpéjọ àwọn obìnrin tó ṣiṣẹ́ nígbà ogun. Ó bá fọ́tò ara rẹ̀ níbẹ̀, orúkọ ẹlòmíràn ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó kọ̀wé pé kí wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n nǹkan kò yí padà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àṣìṣe ni tèyí, kì í ṣe irọ́, síbẹ̀ ó ju ogún ọdún lọ. Ní ọdún 2015 ni olùkọ́ yunifásítì kan, James Kimble, rí ẹ̀dà àtijọ́ tí àkọsílẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀: ọjọ́, ibi, àti orúkọ Naomi Parker. Ìlà kékeré yẹn ló dá obìnrin náà láre kí ó tó kú ní oṣù Kìíní ọdún 2018, ní ẹni ọdún 96.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àwọn obìnrin tó hun aṣọ, tó gbẹ́ irin, tó fi owó iṣẹ́ wọn rán ọmọ níléèwé, bí orúkọ wọn bá sọnù, aṣọ iṣẹ́ lásán ló kù tí à ń wò. Ẹ jókòó ti ìyá àgbà nígbà tí wọ́n ṣì lè dáhùn. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ, ọdún àti ibi sí ẹ̀yìn fọ́tò. Ẹ má gbàgbé àwọn tó wà nínú fóònù yín.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, màmá mi pè mí láti yàrá wọn. Wọ́n ti rántí ẹni tó dúró lápá òsì: Ìyá Ṣadé. Orúkọ ọmọ wọn nìyẹn, kì í ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ku mẹ́rin.