Ẹ Má Gba Ọkọ̀ Agolo Lọ́wọ́ Ọmọ

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, a kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí sábẹ́ ahọ́n sọ. Àwa olùkọ́ jẹ̀bi, àwọn òbí sì bá wa pín nínú ẹ̀bi náà.

Ní Massè àti ní àwọn abà tí ó yí i ká, ọmọdé a máa fi agolo sadín ṣe ọkọ̀. Yóò gé àtẹ́lẹ̀ bàtà sílípáàsì tí ó ti já ní róbótó, ó di táyà. Yóò fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọ̀pá gígùn tí yóò máa fi darí rẹ̀ lórí ìdúró. Ọkọ̀ náà ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá gbé e dé ilé ẹ̀kọ́, a ó gbà á, a ó sọ ọ́ sí ààtàn, a ó ní: « Lọ ka ìwé rẹ! » Àwa tí à ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni a mú ẹfun, tí a ya òbìrí sí ojú pátákó, tí a ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ tí ó ti gé òbìrí mẹ́rin dọ́gba-dọ́gba.

Ẹ wo Romuald Hazoumè, ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí a bí ní 1962. Bídọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń kó epo kpayo láti Nàìjíríà ni ó sọ di ojú ènìyàn: ẹnu bídọ́ọ̀nù di ẹnu, ìdìmú rẹ̀ di imú. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ La Bouche du Roi, ó to irú ojú bẹ́ẹ̀ tí ó lé ní 300 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń to ẹrú sínú ọkọ̀ òkun. Ní 2007, iṣẹ́ náà wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún kan náà, ó gba ẹ̀bùn Arnold Bode ní documenta, ní ìlú Kassel ní Jámánì. Irú bídọ́ọ̀nù kan náà ń kọjá níwájú ilé wa lójoojúmọ́. Ṣé dìgbà tí òyìnbó bá pàtẹ́wọ́ ni ojú wa yóò tó là?

Kí ẹnikẹ́ni má sì pe èyí ní àṣà àjèjì. Nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ dé ilẹ̀ wa, agbẹ́gilére gbẹ́ ẹ sórí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Nígbà tí alùpùpù àti ọkọ̀ òfuurufú dé, ó gbẹ́ àwọn náà. Àwọn ère kan wà tí ń mira bí a bá fa okùn. Eré ni, ẹ̀rín ni, ẹ̀kọ́ sì ni. UNESCO kéde iyì Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé ní 2001, ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò dúró de ìkéde kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

A mọ èsì tí ẹ ó fún wa. Ẹ ó ní BEPC ń bọ̀, ẹ ó ní kíláàsì kún, ẹ ó ní agolo a máa gé ọmọ lọ́wọ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọkọ́ náà a máa ṣá ọmọ lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ a kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lóko. Ńṣe ni a ń kọ́ ọ bí yóò ṣe lò ó. Ìdánwò ń bọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọmọ tí a ti kọ́ pé kí ó má dá ohunkóhun rò, kí ni yóò fi ìwé ẹ̀rí ṣe?

Ohun tí à ń béèrè kò pọ̀. Kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ tí ọmọ fúnra rẹ̀ gbèrò. Kí a fi ọkọ̀ agolo kọ́ wọn ní òbìrí. Bí ẹgbẹ́ wa bá ń ṣe àjọ̀dún, kí a to iṣẹ́ àwọn ọmọ sórí tábìlì, kí a sì kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é sí i.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí a bá ń sọ ọgbọ́n ọmọdé sí ààtàn, ìlú wo ni àgbà nìkan fẹ́ dá?