Owó Orí Tí Thoreau Kọ̀ Láti San

Ní oṣù Keje ọdún 1846, Henry David Thoreau, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà, kúrò ní ahéré rẹ̀ lẹ́bàá adágún Walden, ó wọ ìlú Concord ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lọ gba bàtà tó fún aránbàtà tún ṣe. Ibẹ̀ ni agbowó orí, Sam Staples, ti mú un. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí Thoreau kò ti san owó orí. Ó sùn sẹ́wọ̀n mọ́jú. Ẹnì kan lọ san gbèsè náà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì tú u sílẹ̀ láàárọ̀. Ó gba bàtà rẹ̀, ó bá àwọn ará ìlú wọ igbó lọ ṣa èso.

Kì í ṣe àìlówó ló fà á. Wọ́n ṣì ń kó ènìyàn dúdú lẹ́rú ní Amẹ́ríkà, ogun Mẹ́síkò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà tún wá dá kún un. Thoreau kò fẹ́ kí owó òun ra ìbọn fún irú ìjọba bẹ́ẹ̀. Àmọ́ owó tí wọ́n fi ń tún ọ̀nà ṣe, kò kọ̀ ọ́ rí. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí ẹni tó kàn ń sá fún owó orí nìyẹn: gbangba ló ti kọ̀, ó sọ ìdí rẹ̀, kò sì sá fún ẹ̀wọ̀n.

Àwọn kan máa ń ya ìtàn ẹ̀wọ̀n yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ìtàn ahéré. Bẹ́ẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n. Thoreau ra àkọ́kù ilé òṣìṣẹ́ rélùwéè kan ní dọ́là 4 àti sẹ́ǹtì 25, ó yọ ìṣó rẹ̀, ó fi kẹ̀kẹ́ ẹrù kó pákó rẹ̀ wá sétí adágún, ó sì sá a sórí koríko kí oòrùn lè nà án. Gbogbo ilé náà ná an ní dọ́là 28 àti sẹ́ǹtì 12 àbọ̀. Àga mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ó gbin ẹ̀wà. Ó ṣírò rẹ̀ pé iṣẹ́ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dún tó láti bọ́ òun.

Ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Nínú àròkọ tó tẹ̀ jáde ní 1849, Thoreau ṣàlàyé pé àwọn aládùúgbò òun ń bẹ̀rù ohun tí àìgbọràn máa kó bá dúkìá àti ẹbí wọn. Òun ní tirẹ̀ kò ní ohun púpọ̀ tí ìjọba lè gbà.

Àwọn alátakò rẹ̀ ní kò níyàwó, kò bímọ, Emerson ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ni ilẹ̀, ilé ìyá rẹ̀ kò sì jìnnà. Òótọ́ ni. Kí wá ni baálé ilé yóò ṣe?

Gandhi, agbẹjọ́rò ọmọ Íńdíà tó ka àròkọ náà, dáhùn ní Gúúsù Áfíríkà. Ní 1910, òun àti Hermann Kallenbach dá oko Tolstoy sílẹ̀ nítòsí Johannesburg. Ibẹ̀ ni ìdílé àwọn tó wà lẹ́wọ̀n nítorí àìgbọràn sí ìjọba ń gbé, tí wọ́n ń dáko, tí wọ́n ń ṣe bàtà fúnra wọn. Ebi ọmọ kò lè fipá mú bàbá juwọ́ sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣètò ìwọ́de lónìí máa ń ka iye èrò tó jáde. Ó yẹ kí wọ́n tún máa béèrè iye ọjọ́ tí ilé ẹnì kọ̀ọ̀kan lè fi jẹun bí owó oṣù bá dáwọ́ dúró.