Ọ̀rọ̀ Inú Ilé: Kọ̀ǹpútà Tí Ó Kọ̀ Tí Kò Gba Ètò

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni a mú wá fún yín lónìí. Ṣùgbọ́n a bẹ àwọn ìyá àti àwọn àgbàlagbà inú ilé kí wọ́n máṣe torí èyí ṣí ojú ewé wa kọjá, nítorí ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù mọ́ wa lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn náà kì í ṣe irin, kì í sì ṣe owó.

Ọmọ àbúrò wa kan ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Ìkẹ́nnẹ́. Nígbà tí ó rí i pé owó tí a ní kò tó ra odindi kọ̀ǹpútà, ó ní òun yóò máa ra ẹ̀yà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òun yóò sì tò ó fúnra òun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó gba Ṣàgámù bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ó lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, tí ó sì gbé àpò há abíyá bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Tábìlì ìjẹun wa di ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ; orí ẹní ni a ti ń jẹun. Ní ọjọ́ tí ó tò ó tán, ojú ẹ̀rọ ṣú dùdù. Okùn iná kékeré kan ni kò wọ inú ihò rẹ̀ dáadáa. Èyí kò pẹ́ yanjú.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí ó gba iná kò tíì di kọ̀ǹpútà. A ní láti fi ètò tí yóò máa darí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sí i nínú. Windows 11 ni ọmọ náà yàn, èyí tí Microsoft gbé jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, nítorí pé ìtọ́jú Windows 10 tí ó ṣáájú rẹ̀ ti parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ó ti ètò náà bọ ẹ̀rọ láti inú fíláṣì, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó dé ìdá 23 nínú 100, ó dúró, ó ní fáìlì kan bàjẹ́. A tún un bẹ̀rẹ̀. Ó dé 61 kí ó tó dúró. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, 40.

Ìmọ̀ràn wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò. Aládùúgbò kan ní fíláṣì ni kò dára. Ọmọ náà ra òmíràn. Ẹlòmíràn ní ètò náà ni kò pé. Ó tún fi dátà olówó gọbọi fa èyí tí ó lé ní 5 GB wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyá àgbàlagbà kan nínú agboolé tilẹ̀ ní kí a wádìí bóyá ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ń wí.

Nígbẹ̀yìn ni a pe ọkùnrin kan tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ṣàgámù. Ìbéèrè kan péré ni ó bi wá: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ibì kan náà ni ó ti ń dúró, àbí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀?” Ó ní bí ó bá jẹ́ ibì kan náà nígbà gbogbo, kí á fura sí fíláṣì àti ètò inú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí á kọ́kọ́ yẹ RAM wò, lẹ́yìn náà ooru àti iná tí ń wọ ẹ̀rọ. RAM ni kọ̀ǹpútà ń gbé ohun tí ó kà sí fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó kọ ọ́ sórí dísìkì; bí RAM bá ṣi lẹ́tà kan péré mú, ohun tí a kọ kì í ṣe ohun tí a kà mọ́. Ẹyọ méjì ni tiwa, 8 GB ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí á dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ihò kan náà, kí ó má baà jẹ́ pé ihò ni ó bàjẹ́ tí a ó máa dá RAM lẹ́bi. Ohun ìdánwò kan wà tí a ń pè ní MemTest86, tí ń ṣiṣẹ́ láti orí fíláṣì láìsí Windows rárá, ṣùgbọ́n ó ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ̀yin náà sì mọ bí iná ti rí. Ọwọ́ ni a fi ṣe tiwa. Pẹ̀lú ẹyọ kìíní nìkan, iṣẹ́ dúró ní 35. A ti rí aṣebi náà.

Ayọ̀ yìí ni ó mú wa ṣìnà. Bí ọmọ náà ti ń fi ẹyọ kejì sí i, tí àpótí ẹ̀rọ sì wà ní ṣíṣí, ó ní kí òun kúkú so dísìkì inú kọ̀ǹpútà wa àtijọ́ mọ́ ọn, kí àyè lè pọ̀. Nígbà tí ètò náà béèrè dísìkì tí yóò wọ̀, ó yan èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ètò kọ̀, ó ní MBR ni dísìkì náà ń lò, GPT ni òun sì ń fẹ́. MBR ni ọ̀nà àtijọ́, láti ọdún 1983, tí a fi ń pín dísìkì sí yàrá yàrá; Windows kì í gbà á bí ẹ̀rọ bá ń jí lọ́nà tuntun tí a ń pè ní UEFI. Ẹ̀rọ tún ti sọ̀rọ̀ nìyẹn. Dísìkì tuntun kò ṣàròyé bẹ́ẹ̀ rí. Kí ló dé tí yóò fi ṣàròyé lónìí?

“Bàbá, ó ní òun kò gbà. Ṣé kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́?”

Ìwé ni àwa ń kà. A kò gbé ojú sókè. A ní, “Pa á rẹ́.”

Lẹ́yìn tí ó tẹ̀ ẹ́ tán ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ìwọ̀n tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 465 GB. Dísìkì tuntun jẹ́ 256 GB, èyí tí Windows ń pè ní 238. Ti àtijọ́ jẹ́ 500, òun ni Windows ń pè ní 465, nítorí 1,000 ni ẹni tí ó ṣe dísìkì fi ń ka iye, 1,024 sì ni Windows fi ń kà á. Okùn dísìkì àtijọ́ ni ó bọ́ sí ihò tí ó ṣáájú, ni ó bá gba nọ́ńbà 0 lọ́wọ́ èkejì. Ọmọ náà kígbe.

Nínú dísìkì yẹn ni ohùn ìyá wa wà. A gbà á sílẹ̀ ní ọdún 2014, ogójì ìṣẹ́jú, ó ń sọ ní èdè Rẹ́mọ bí òun ti bẹ̀rẹ̀ òwò obì ní Ṣàgámù. Ó papòdà ní ọdún 2017. A kò ní ẹ̀dà mìíràn.

Ohun kan ṣoṣo tí a ṣe dáadáa ní alẹ́ ọjọ́ náà ni pé a pa iná lójú ẹsẹ̀, a kò sì jẹ́ kí ohunkóhun tún kọ sórí dísìkì náà. Ọkùnrin Ṣàgámù ṣàlàyé fún wa pé lórí dísìkì oníyíyí ti àtijọ́, ohun tí a pa rẹ́ ni àkọsílẹ̀ tí ń sọ ibi tí yàrá kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí. Ẹrù inú yàrá ṣì wà níbẹ̀ títí a ó fi kọ nǹkan mìíràn lé e. Ìbá jẹ́ SSD, ẹ̀rọ lè ti sọ fún un pé kí ó gbá ilẹ̀ mọ́, a kì bá sì má rí nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ da gbogbo dísìkì náà kọ sórí òmíràn kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, lẹ́yìn èyí ni ó lo TestDisk, ètò ọ̀fẹ́ kan tí ń wá ojú ààlà tí ó ti parẹ́.

Ọjọ́ méjì ni a fi dúró. Ọmọ náà kò jẹun dáadáa. Àwa tí a sọ pé “pa á rẹ́” kò sì rí ẹnu bá a wí. Ní ọjọ́ kẹta, tẹlifóònù dún. Ọkùnrin náà kò kí wa. Ó kàn gbé fóònù sí ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀. Ìyá wa ń jiyàn lórí iye owó apẹ̀rẹ̀ obì kan, ó wúkọ́, ó sì tún ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni ó wà nísinsìnyí: ọ̀kan nínú fíláṣì lọ́dọ̀ wa, ọ̀kan lọ́wọ́ àbúrò wa ní Èkó, ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A yọ dísìkì àtijọ́ kúrò, a fi tuntun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú RAM tí ó dára, Windows sì wọlé láìdúró níbì kan. Lóòótọ́ nígbà tí ẹ̀rọ pa, tí ó tún jí, ó fẹ́ tún gbogbo iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. A ti gbàgbé láti yọ fíláṣì ni. Ẹyọ RAM tí ó bàjẹ́ ṣì wà lórí tábìlì. Ní ọjọ́ Sátidé ni ọmọ náà yóò dá a padà fún ẹni tí ó tà á fún un.