Ẹ Yéé Di Ẹ̀bi Ru Ìyá Ọmọ

Àwọn baba ńlá wa, tí wọ́n ń pe ọmọ tó bá yọ ìka mẹ́fà ní Olúgbódi, tí wọ́n sì gbà pé aràrá, abuké àti àfín, ẹni òrìṣà ni wọ́n, láti ọwọ́ Ọbàtálá Alámọ̀ rere, òrìṣà tó ṣe ojú tó ṣe imú, fi kọ́ wa pé èèwọ̀ ni kí á fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé láàárín wa lónìí mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ohun tí ẹnu ayé ń wí: bí obìnrin bá bí ọmọ tí apá àti itan rẹ̀ kúrú, kí ọmọ tó pé ọjọ́ mẹ́jọ ni wọn yóò ti máa bi í bóyá ó rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan nígbà tó wà nínú oyún, bóyá ó fi ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín, tàbí bóyá nǹkan kan wà ní ìdílé tirẹ̀ tí kò sọ fún ọkọ. Ọmọ tó dára ni ti bàbá, èyí tó kù díẹ̀ káàtó ni ti ìyá. Irọ́ pátápátá ni, mo sì fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tí iṣẹ́ ayé rẹ̀ já irọ́ náà.

Victor McKusick ni. Ìbejì ni òun àti èkejì rẹ̀, tí a bí ní ọdún 1921 ní abúlé Parkman, ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn òbí wọn ti ń sin màlúù fún wàrà. Èkejì di adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ náà. Òun, tí àìsàn kan ní apá ti dá dúbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 15, yan iṣẹ́ ìṣègùn láàyò, ó sì wọ Johns Hopkins ní Baltimore ní 1943. Dókítà ọkàn ni tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ní àrùn Marfan, àwọn ẹni gíga tí ìka wọn gùn gbọọrọ, tí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn wọn jáde sì lè ya lójijì, ni wọ́n yí ojú rẹ̀ padà sí ohun tí ìran ń gbé lé ìran lọ́wọ́. Ní 1957 ó dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìmọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ojúgbà rẹ̀ kan rò pé ó fi ọ̀nà tààrà sílẹ̀ ló wọ igbó.

Èyí tó wú mi lórí jù ni lílọ rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn ará Amish ní Lancaster, ní Pennsylvania, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Àgbẹ̀ ẹlẹ́sìn ni wọ́n, tí kì í wa mọ́tò, tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ń gbé káàkiri, tí wọ́n ń fẹ́ ara wọn láàárín ara wọn, tí wọ́n sì ń kọ ìtàn ìdílé wọn sínú ìwé. McKusick àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń ti ilé dé ilé, wọ́n ń wọn apá, wọ́n ń wọn itan, wọ́n ń gbọ́ ìró àyà, wọ́n ń ka ìka: ìka kẹfà rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín, èékánná kékeré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, apá tó kúrú láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, àti ihò nínú ọkàn àwọn mìíràn. Ellis-van Creveld ni àwọn dókítà ń pe àrùn náà. (Olúgbódi tí ara rẹ̀ dá ṣáká, tó kàn yọ ìka kan lé, kì í ṣe òun là ń wí o.) Bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀: nígbà tó fi máa di 1964, ẹni 52 ni ó ti rí, iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo èyí tí ìwé ìṣègùn ti sọ káàkiri àgbáyé títí di ìgbà náà. Ìwé ìdílé wọn ló fi tọpa rẹ̀ sẹ́yìn títí dé ọ̀dọ̀ Samuel King àti ìyàwó rẹ̀, tọkọtaya tí wọ́n dé Amẹ́ríkà ní 1744. Bàbá ọmọ tó ní àrùn náà gbé ẹyọ kan jíìnì tó ń fà á, ìyá rẹ̀ gbé ẹyọ kan, ara àwọn méjèèjì sì le koko, gẹ́gẹ́ bí AS ṣe ń fẹ́ AS lọ́dọ̀ wa tí wọ́n fi ń bí SS. Èwo nínú wọn ni a ó wá dá lẹ́bi?

Ti irú aràrá tó wọ́pọ̀ jù, tí àwọn dókítà ń pè ní achondroplasia, tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1994 ni àwọn onímọ̀ rí jíìnì tó ń fà á, ìyẹn FGFR3. Ju mẹ́jọ lọ nínú mẹ́wàá àwọn ọmọ wọ̀nyí ni òbí wọn ga bí ẹni gbogbo, nítorí àyípadà tuntun ni. Nígbà tí wọ́n sì wá orírun àyípadà náà, inú àtọ̀ bàbá ni wọ́n ti ń bá a, pàápàá bí bàbá bá ti dàgbà. Ìyá tí gbogbo ilé ń na ìka sí kò mọwọ́ kò mọsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni n kò ní kí á wá gbé ẹ̀bi náà lé bàbá lórí, nítorí kò sí ohun tó ṣe tó fi rí bẹ́ẹ̀, kò sì sí ohun tí ì bá ṣe láti dá a dúró.

McKusick kó gbogbo irú ìmọ̀ báyìí jọ sínú ìwé kan tó kọ́kọ́ jáde ní 1966, tí ó tún tẹ̀ títí ó fi di ẹ̀ẹ̀méjìlá, tí ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí fún dókítà gbogbo. Ó kú ní 2008. Ṣùgbọ́n ká ní àwọn ìyá Amish ti gbé ọmọ wọn pamọ́ sí ìyẹ̀wù ni, kí ni ì bá rí kọ? Àwa tí a lè ki oríkì orílẹ̀ wa láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí a mọ ẹni tó jagun àti ẹni tó jọba, kì í dárúkọ ọmọ tí eegun rẹ̀ wọ́, tó kú ní kékeré. Bí dókítà bá sì béèrè, a ó ní kò sí irú rẹ̀ rí nílé wa.

Ẹ̀yin bàbá ọkọ àti ìyá ọkọ, bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wọ ilé yín, ẹ má jẹ́ kí ìyá rẹ̀ nìkan gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ọkọ bá a lọ, kí àgbà kan nínú ìdílé náà sì bá wọn lọ, kí ó dárúkọ gbogbo ọmọ tí a bí nínú ilé, àti èyí tó wà, àti èyí tó kú, àti èyí tí a fi pamọ́, kí dókítà lè kọ ọ́ sílẹ̀.